Afárá Méjì, Odò Kan: Ìrìn-Àjò Àwọn Òṣìṣẹ́ Àyíká ní Àfonífojì Jọ́dánì

Ẹgbẹ́ EcoPeace Middle East ní ọ́fíìsì mẹ́ta, ọ̀kan ní Amman, ọ̀kan ní Tel Aviv, ọ̀kan ní Ramallah. Ọdún 1994 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lọ́dún kan náà tí Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ará Jọ́dánì, ará Palẹsítínì àti ará Ísírẹ́lì ló jọ ń darí rẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ló sì so wọ́n pọ̀. Lára iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kíkó èèyàn lọ wo ojú iṣẹ́: àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń fowó ràn án lọ́wọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n á wo odò, wọ́n á wo ìsun, wọ́n á wo ibi tí omi ìgbẹ́ ti ń ṣàn jáde. Irú ìrìn-àjò báyìí wọ́pọ̀ níbi gbogbo. Ohun tó mú ti Àfonífojì Jọ́dánì ṣàrà ọ̀tọ̀ ni pé àwọn tó ń lọ wo odò kan náà kò lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti ilé.

Ìwé ló máa ń kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ará Palẹsítínì tó ń gbé ní agbègbè tí ayé ń pè ní West Bank gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ológun Ísírẹ́lì kó tó lè kọjá ibodè wọ Ísírẹ́lì. Ísírẹ́lì náà kò gbà kí ọmọ ìlú rẹ̀ wọ Agbègbè A, ìyẹn àwọn ìlú bíi Ramallah àti Jẹ́ríkò tó wà lábẹ́ àkóso Palẹsítínì. Pátákó pupa ńlá wà lẹ́bàá títì tó ń kìlọ̀ fún wọn. Bí ìpàdé bá wà ní Amman, ará Palẹsítínì kò ní ọ̀nà mìíràn ju afárá Allenby lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọ Ísírẹ́lì gba ibẹ̀. Ti Sheikh Hussein tó wà lókè odò lọ́hùn-ún ni ọmọ Ísírẹ́lì yóò gbà. Òṣìṣẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà á kúrò nílé láàárọ̀, wọ́n á gba afárá méjì tó jìnnà síra, wọn ò sì ní fojú kan ara wọn títí wọn yóò fi dé ibi ìpàdé. Ẹni tó bá ti ṣètò irú ìrìn-àjò yìí rí mọ̀ pé bí òun bá kọ orúkọ ogún èèyàn sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ogún má dé.

Ìsàlẹ̀ Òkun Gálílì ló yẹ kí ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Odò Jọ́dánì ti ń jáde kúrò nínú adágún náà. Wọ́n sé odò yìí ní Degania, wọ́n sì tún fi erùpẹ̀ sé e lẹ́ẹ̀kejì ní Alumot, kìlómítà díẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Àárín ìsédò méjì yìí ni Yardenit wà, ibi ìrìbọmi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó re Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n padà wálé tí wọ́n fi JP mọ́ orúkọ, mọ̀ dáadáa. Omi ibẹ̀ tutù, igi ṣíji bò ó, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín ẹsẹ̀ àwọn tó wọ aṣọ funfun, àwọn kan sì ń rọ omi sínú ìgò tí wọn yóò gbé lọ sílé.

Lẹ́yìn òkìtì erùpẹ̀ Alumot, ojú odò yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, páìpù kan ló ń tú omi jáde síbẹ̀, omi ìgbẹ́ tí wọn ò sẹ́ dáadáa àti omi oníyọ̀ tí wọ́n darí kúrò nínú àwọn ìsun ẹ̀gbẹ́ adágún kí omi mímu má baà ba jẹ́. Òórùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kí àlejò nígbà náà. Ẹni tó dúró lórí òkìtì náà lè fi ojú kan wo ẹ̀yìn, kó rí omi àwọ̀ ewé, kó sì fi ojú kan wo iwájú, kó rí omi dúdú tó ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀. Àwọn tó ń ṣamọ̀nà ìrìn-àjò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á kàn dúró, wọ́n á jẹ́ kí àlejò gbóòórùn tán.

Láyé àtijọ́, nǹkan bí 1.3 bílíọ̀nù kùbíìkì mítà omi ni odò yìí ń gbé lọ sínú Òkun Iyọ̀ lọ́dọọdún. Ní báyìí, ohun tó ń dé ibẹ̀ kò tó 100 mílíọ̀nù nínú ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ omi ìgbẹ́ àti omi tó ṣàn kúrò nínú oko. Kò sí ìjọba kankan létí odò yìí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ísírẹ́lì parí páìpù ńlá tó ń fa omi Òkun Gálílì lọ sí gúúsù ní ọdún 1964. Jọ́dánì gbẹ́ ìṣàn-omi tirẹ̀ láti ara Odò Yarmuk, tó jẹ́ ẹ̀ka Jọ́dánì tó tóbi jù, ó fi ń bomi rin oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà-oòrùn àfonífojì náà. Síríà kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsédò sórí Yarmuk kan náà kó tó dé Jọ́dánì rárá. Ará Palẹsítínì nìkan ni kò fa omi kankan nínú odò náà láti ọdún 1967, nítorí Ísírẹ́lì ò jẹ́ kí wọ́n dé etí rẹ̀. Náámánì ará Síríà inú Bíbélì, tó bínú nígbà tí wọ́n ní kó lọ wẹ̀ nínú Jọ́dánì nítorí pé odò ìlú tirẹ̀ dára jù ú lọ, ìbá rí àwíjàre tó lágbára ká ní òde òní ni wọ́n rán an síbẹ̀.

Ní ọdún 2010, ìwádìí kan tí EcoPeace gbé jáde fi hàn pé ìdajì àwọn oríṣi ẹ̀dá tó ń gbé nínú odò náà ló ti lọ. Ní ọdún 2013, Ísírẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi díẹ̀ sílẹ̀ láti inú adágún fún odò náà, mílíọ̀nù 9 kùbíìkì mítà lọ́dún, wọ́n sì kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa sẹ́ omi ìgbẹ́ nítòsí ibẹ̀. Mílíọ̀nù 9 nínú ohun tó ti jẹ́ 1,300 mílíọ̀nù: bí ìgbà tí èèyàn bu omi sí ẹnu gbígbẹ ẹni tó ti dákú ni. Síbẹ̀, ó tó ohun tí ọkọ̀ fi ń dúró. Láti ọdún 1964, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ gbà pé odò náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí omi.

Nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀, Yarmuk dà pọ̀ mọ́ Jọ́dánì ní ibi tí àwọn ará Ísírẹ́lì ń pè ní Naharayim, tí ará Jọ́dánì ń pè ní Baqoura. Ahoro ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná wà níbẹ̀, tí Pinhas Rutenberg kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1932, tí ogun ọdún 1948 sì pa á. Ìwé àlàáfíà ọdún 1994 dá ilẹ̀ náà padà fún Jọ́dánì, ó sì fún àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì láyè láti máa dáko níbẹ̀ fún ọdún 25. Wọ́n ń pè é ní Erékùṣù Àlàáfíà. Ní oṣù kẹta ọdún 1997, sójà Jọ́dánì kan yìnbọn pa ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ méje tó wá wo ibẹ̀. Ọba Hussein fúnra rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí wọn ní Ísírẹ́lì. EcoPeace ya àwòrán ọgbà àlàáfíà kan fún ibẹ̀, níbi tí àlejò ìhà méjèèjì yóò ti lè wọlé láìgba físà. Wọn ò kọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọdún 25 pé, Jọ́dánì sì gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Àlejò tó bá dé ibẹ̀ lónìí á wo ahoro náà, ìhà tó bá ti wá ni yóò sì gbà padà.

Ohun tó ń lọ déédéé ju ọgbà náà lọ kò ní ẹnubodè: ẹyẹ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ Sde Eliyahu, tó wà ní Àfonífojì Bẹ́tí-Ṣéánì, ń bá eku jà. Májèlé tí wọ́n fi ń pa eku ń pa àwọn ẹyẹ tó ń jẹ eku náà pẹ̀lú, èyí sì mú kí eku túbọ̀ pọ̀ sí i. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí onígi sórí òpó nínú oko kí òwìwí lè wá yé sínú rẹ̀. Òwìwí gbà. Wọ́n ṣírò pé akọ àti abo òwìwí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn lè jẹ ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà eku lọ́dún. Àmọ́ bí àgbẹ̀ ìhà kan odò bá fi òwìwí sílẹ̀, tí èkejì sì ń lo májèlé, òwìwí tó lọ jẹun lókè odò ò ní padà. Yossi Leshem, onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Yunifásítì Tel Aviv, wá Mansour Abu Rashid lọ, ọ̀gágun Jọ́dánì tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà lára àwọn tó jíròrò ìwé àlàáfíà 1994. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni wọ́n ti jọ ń gbé àpótí káàkiri ìhà méjèèjì, àwọn ará Palẹsítínì sì dara pọ̀.

Ìṣòro tó dojú kọ Abu Rashid kò ṣàjèjì létí ọmọ Yorùbá. Ẹyẹ aburú ni òwìwí jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ Lárúbáwá. Bó bá ké lórí òrùlé, àwọn èèyàn á máa wo ẹni tí ikú kàn, bí àwọn kan ṣe ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́ nílẹ̀ yìí. Ìwàásù kọ́ ló yí àwọn àgbẹ̀ náà lọ́kàn padà. Wọ́n ṣí àpótí fún wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: àwọn ìdì dúdú tí òwìwí ń pọ̀ jáde lẹ́yìn oúnjẹ. Bí wọ́n bá fọwọ́ fọ́ ọ, irun àti egungun agbárí eku wéwèéwé ló ń jáde, àgbẹ̀ tó sì mọ iye tí òun ń ná sórí májèlé á lè kà á fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí àlejò ń rí ní àfonífojì náà, bóyá ìdì òwìwí ni wọn kì í gbàgbé.

Ọjọ́ kejì ni ìrìn máa ń gun òkè lọ, sí Battir, abúlé Palẹsítínì kan nítòsí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Níbẹ̀, òkè gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni wọ́n gé sí àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi òkúta tò etí rẹ̀ láìlo sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n sì ń gbin ólífì, ìgbá àti ẹ̀fọ́ sórí rẹ̀. Omi ìsun ń ṣàn sínú adágún òkúta kan tó ti wà láti ayé àwọn ará Róòmù, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in. Ìdílé ńlá mẹ́jọ ló ni omi náà, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ ní Battir pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ọ̀sẹ̀ àwọn. Igi tí wọ́n fín àmì sí ni wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó nínú adágún láàárọ̀, kí wọ́n tó mọ iye wákàtí tó kan oko kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dàgbà sídìí ọjà ìsán kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ fún un. Yorùbá ka ọjọ́ tí wọ́n ná a kẹ́yìn mọ́ ọn ni ó fi di mẹ́sàn-án.

Ní ìsàlẹ̀ òkè náà ni ọ̀nà rélùwéè Jaffa sí Jerúsálẹ́mù gbà kọjá, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1892. Nígbà tí wọ́n fa ìlà ìdáwọ́-ogun-dúró ní ọdún 1949, ìlà náà gé oko Battir sí méjì. Àdéhùn kan jẹ́ kí àwọn ará abúlé máa lọ dáko wọn tó bọ́ sí ìhà Ísírẹ́lì, bí wọn kò bá ti jẹ́ kí ohunkóhun ṣe rélùwéè. Wọ́n pa á mọ́. Nígbà tí Ísírẹ́lì fẹ́ mọ odi ìpínyà gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ará Battir àti EcoPeace gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ísírẹ́lì ní ọdún 2012. Ohun tí wọn ò retí ni pé àjọ tó ń bójú tó igbó àti ọgbà ní Ísírẹ́lì, tó jẹ́ ti ìjọba, sọ fún ilé ẹjọ́ pé odi náà yóò ba àtẹ̀gùn àti ìṣàn omi ayé àtijọ́ jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ní ọdún 2014, UNESCO fi Battir kún àwọn ibi ogún àgbáyé, ó sì kà á kún èyí tó wà nínú ewu. Ní ọdún 2015, ẹjọ́ náà parí láìsí àṣẹ láti mọ odi náà.

Láti orí àtẹ̀gùn Battir, wọ́n máa ń ní kí àlejò wo òrùlé àwọn ìlú tó wà lórí òkè yíká. Ilé tó bá ní táńkì dúdú púpọ̀ lórí jẹ́ ti ará Palẹsítínì, nítorí omi kì í sábà dé lójoojúmọ́, èèyàn sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ilé tí kò ní in jẹ́ ti ìlú àwọn tí Ísírẹ́lì tẹ̀ dó síbẹ̀. Amman náà kún fún táńkì; ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni omi ń dé ọ̀pọ̀ àdúgbò níbẹ̀. Omi tí Jọ́dánì ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún kò tó 100 kùbíìkì mítà, bẹ́ẹ̀ 500 ni wọ́n ti ń ka orílẹ̀-èdè sí èyí tí ọ̀dá omi ti mú gidigidi.

Ọ̀rọ̀ Gásà kò ṣeé fi ojú rí nínú ìrìn náà, kò sì ṣeé yẹra fún. Wọ́n lè fi bọ́ọ̀sì gbé àlejò dé Ashkelon, níbi tí ẹ̀rọ ńlá kan ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun láti ọdún 2005. Ní ọdún 2016, ẹ̀rọ náà dáṣẹ́ dúró lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé omi ìgbẹ́ láti Gásà ti ṣàn dé ẹnu páìpù rẹ̀. Iná kò tó ní Gásà láti ti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ìgbẹ́, wọ́n bá ń tú u sínú òkun, òkun sì ń ṣàn síhà àríwá. Ọ̀rọ̀ yìí ni EcoPeace ń sọ fún àwọn olórí Ísírẹ́lì fún ọdún mélòó kan: ẹni tó bá fi iná du aládùúgbò rẹ̀ á wẹ ìgbẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì mú iná ẹ̀rọ náà dára sí i. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, ogun ti ba ọ̀pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ omi àti ti omi ìgbẹ́ Gásà jẹ́.

Ogun yẹn náà ló pa àdéhùn tó tóbi jù tó ti inú èrò ẹgbẹ́ yìí jáde. Jọ́dánì ní aṣálẹ̀ tó gbòòrò tí oòrùn ń ràn sí, kò ní etíkun tó tó nǹkan. Ísírẹ́lì ní etíkun, ilẹ̀ tó lè fi gbé iná oòrùn kò sì tó. EcoPeace ní kí èkíní ta iná, kí èkejì ta omi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ìjọba méjèèjì pẹ̀lú United Arab Emirates fọwọ́ sí ìwé èrò-ọkàn kan: 600 mẹ́gáwáàtì iná oòrùn láti Jọ́dánì, 200 mílíọ̀nù kùbíìkì mítà omi láti Ísírẹ́lì lọ́dún. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Jọ́dánì kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí i mọ́. Bí a bá fi èyí wé òwìwí, ohun kan hàn gbangba. Àdéhùn tó dúró lórí ọwọ́ àwọn mínísítà ṣubú lọ́jọ́ kan. Àpótí tó dúró lórí òpó nínú oko àgbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé eku ò dáwọ́ dúró nítorí ogun.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ padà sí àfonífojì, síhà Jẹ́ríkò. Ilé ẹ̀kọ́ àyíká kan wà ní abúlé Auja. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní Auja tẹ́lẹ̀. Ìsun abúlé náà ti ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga sì ti di oníyọ̀, ni wọ́n bá yí sí déètì, tí iyọ̀ díẹ̀ kì í pa. Nítòsí ibẹ̀ ni ibi ìrìbọmi Qasr al-Yahud wà, tó dojú kọ Al-Maghtas ní ìhà Jọ́dánì. Lẹ́yìn ọdún 1967, àwọn ológun ri bọ́ǹbù mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni arìnrìn-àjò mímọ́ lè gbà láàárín wáyà. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ HALO Trust wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú àwọn bọ́ǹbù náà. Odò ibẹ̀ kò ju mítà díẹ̀ lọ ní fífẹ̀. Omi rẹ̀ pọ́n bí omi àfọ̀, àwọn tó wà ní ìhà kan sì lè gbọ́ orin ìjọ tó wà ní ìhà kejì, kí wọ́n bá wọn gbè é.

Láti ibẹ̀, títì bọ́ sí etí Òkun Iyọ̀, tí kì í ṣe òkun, tí ó jẹ́ adágún. Nítorí pé Odò Jọ́dánì kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ọ mọ́, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìhà méjèèjì sì ń gbẹ omi rẹ̀ láti fi rí pọ́táàṣì, ó ń lọ sílẹ̀ ju mítà kan lọ lọ́dún. Bó ti ń fà sẹ́yìn, omi aláìníyọ̀ láti orí òkè ń wọ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí omi oníyọ̀ ti kúrò, ó ń yọ́ àwọn ìpele iyọ̀ tó wà níbẹ̀, ilẹ̀ á sì jìn lójijì. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó ti gbé oko déètì mì, ó ti lé àwọn èèyàn kúrò ní etíkun ìgbafẹ́.

Ibi tí bọ́ọ̀sì máa ń dúró kẹ́yìn wà lẹ́bàá títì, ní ìhà àríwá adágún náà, lábẹ́ àpáta kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn olùwádìí Palestine Exploration Fund láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fín ìlà kan sí ara àpáta náà, wọ́n kọ PEF sí i, ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá sì dé ibẹ̀ ni wọ́n ń wọn bí omi ṣe jìnnà sí ìlà náà tó. Omi ló wà nísàlẹ̀ àpáta náà nígbà náà. Ní báyìí, títì ti gba abẹ́ àpáta náà kọjá, àlejò ní láti dúró sẹ́yìn títì, kí ó gbé orí sókè kó tó lè rí ìlà náà. Bó bá yíjú padà, omi ti wà lọ́nà jíjìn nísàlẹ̀.